Aṣọ ọ́fíìsì ọkùnrin ti yí padà: kí ni ká tún rán, kí ni ká tún ṣe, kí ni ká fi sílẹ̀?

Akọ̀wé_Òkèlérìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ tó gba ìmúra láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, tí a sì máa ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí mo ní nìyí: súùtù méjì, dúdú kan àti aláwọ̀ eérú kan, méjèèjì fún mọ́ra, ṣòkòtò márùn-ún tí ẹnu ẹsẹ̀ wọn ò ju íńṣì 13 lọ, ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́rin, sẹ́nátọ̀ mẹ́ta tó gùn dé orúnkún, bàtà dúdú ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan. Àwọn tó mọ aṣọ wọ̀ ò wọ irú èyí mọ́. Owó tí mo lè ná ò pọ̀, mi ò sì fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi íńṣì àti yáàdì sọ ọ́, torí "bá mi ṣe é kó fẹ̀ díẹ̀" ò yé télọ̀ kankan.

Aránṣọ_Tákíé

Ṣòkòtò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi kóòtù sílẹ̀ ná. Bí ṣòkòtò bá bá ìgbà mu, ṣẹ́ẹ̀tì funfun àtijọ́ yẹn gan-an á dà bíi tuntun lórí rẹ̀. Bí ṣòkòtò bá fún, kóòtù tó wu kí ẹ rà, ẹsẹ̀ yín ni wọ́n máa wò.

Láti bí ọdún 2000 ni ìrán tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ti gbòde. Hedi Slimane, ẹni tó ń ṣe aṣọ ọkùnrin fún ilé iṣẹ́ aṣọ Dior nígbà náà, wà lára àwọn tó gbé e dìde. Ìrán náà ti lọ sílẹ̀ báyìí. Ṣòkòtò ti padà síbi tí àwọn bàbá wa ń wọ̀ ọ́ sí: ó jókòó sókè, itan rẹ̀ fẹ̀, ó sì wá sílẹ̀ gbọọrọ láìká jọ lórí bàtà. Àwa náà kúkú ní ṣóóró tó fún, a ní kẹ̀ǹbẹ̀ tó fẹ̀, méjèèjì ni Yorùbá ń wọ̀ kí súùtù tó dé. Ohun tí wọ́n ń béèrè báyìí wà láàárín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn itan yín níbi tó ti nípọn jù. Ká ní ó jẹ́ íńṣì 24, ìrán tó fún á fi 1 tàbí 2 lé e. Ti ìsinsìnyí á fi 3 sí 4 lé e, ìyẹn 27 tàbí 28. Orúnkún á wà ní 20, ẹnu á wà ní 16 tàbí 17. Fún ọ́fíìsì, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ kọjá 18 ní ẹnu. Ohun tó ju ìyẹn lọ, òde ló yẹ.

Yípo ni mo ka gbogbo ìwọ̀n yìí o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aṣọ ti ń bàjẹ́. Ẹlòmíì á tẹ́ ṣòkòtò sílẹ̀ pẹrẹsẹ kó tó wọn ẹnu rẹ̀, 8 tirẹ̀ ni 16 ẹlòmíì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ télọ̀ yín kó tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ.

Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé ni gíga iwájú, láti ojú ìrán abẹ́ títí dé orí ìgbànú. Ti àtijọ́ yẹn máa ń jẹ́ 9. Ẹ ní kó jẹ́ 11 tàbí 11½, kí ìgbànú lè jókòó ní ìka méjì sísàlẹ̀ ìdodo. Ṣẹ́ẹ̀tì ò ní máa yọ jáde mọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n yìí náà ló sì ń gba ṣòkòtò lọ́wọ́ ọ̀kadà: bí abẹ́ bá kúrú, tí itan fún, téèyàn bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti gun ọ̀kadà, ibi tí ojú ìrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé ni gbogbo agbára ọ̀hún máa bọ́ sí. Ibẹ̀ ló máa ya.

Ìlò_Ìlò

Ẹ̀yin Aránṣọ, ṣé kò ṣeé ṣe kí wọ́n kàn tú márààrún tó ní, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ síta? Owó ìránṣọ tuntun ò kéré mọ́.

Aṣàtúnṣe_Akẹ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n gba ìyẹn, iṣẹ́ mi ni l'Ọ́yọ̀ọ́ níbí.

Ẹ yí inú ṣòkòtò síta, kí ẹ wo ojú ìrán àárín ẹ̀yìn, láti ìgbànú bọ̀ wálẹ̀. Bí aránṣọ tó rán an bá mọṣẹ́, ẹ máa rí àfikún aṣọ bí íńṣì 1 sí 1½ lápá òsì, bákan náà lápá ọ̀tún. Ìyẹn lè fún ìbàdí ní íńṣì 2 láìsí wàhálà. Ẹ wá sọ ojú yín sílẹ̀ síbi itan àti ẹsẹ̀. Níbẹ̀, àfikún kì í ju ½ lọ ní etí kọ̀ọ̀kan, a ò sì gbọ́dọ̀ lò ó tán, a ní láti fi ¼ sílẹ̀ kí ojú ìrán má bàa tú. Etí mẹ́rin ni ẹsẹ̀ kan ní, ¼ ní ìgbà mẹ́rin jẹ́ íńṣì 1 péré. Ẹnu 13 á di 14. Kò ní di 16 láéláé.

Ìṣòro kejì: bí ẹ bá tú u, ibi tó ti farapamọ́ kò ṣá, ibi tó wà lójú oòrùn ti ṣá, ilà dúdú méjì á wá gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ náà kì í sábà dí lára aṣọ tí wọ́n hun mọ́ra. Nítorí náà, èyí tó bá ní àfikún, tí kò tíì ṣá, ẹ fẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ tí ẹ ò bá lọ ibi pàtàkì. Ìyókù, ẹ fún àbúrò tó tinrín.

Etí ṣòkòtò àti sípì, ọbíọ̀má tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà lè ṣe é, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Ẹ má gbé kóòtù fún wọn. Kì í ṣe pé wọn ò mọṣẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé léjìká ò ní ohun tí èjìká kóòtù ń béèrè.

Ìlò_Ìlò

Ó yé mi báyìí. Ọ̀kírìkà ńkọ́?

Aṣàtúnṣe_Akẹ̀sán

Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ fà yọ. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Àwọn ṣòkòtò òyìnbó tí wọ́n rán ní bí ọdún 1990, onípílíìtì (tí wọ́n ká aṣọ lé ara wọn lábẹ́ ìgbànú), tó jókòó sókè, wọ́n kún inú ọ̀kírìkà, ọ̀dọ́ kì í wò wọ́n. Ìrán tí gbogbo ayé ń náwó lé lórí báyìí nìyẹn. Ẹ ka léébù inú rẹ̀: bó bá kọ wool 100%, tàbí wool pẹ̀lú díẹ̀ nínú polyester, ẹ mú un. Ẹ gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá, ihò kòkòrò á hàn bí ìràwọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò pa abẹ́ rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Bó bá ti fẹ́lẹ́ ju ibòmíì lọ, ẹ fi sílẹ̀, kò ní pẹ́ ya. Ìbàdí tó fi íńṣì 2 tóbi ṣeé dín. Èyí tó fi 4 tóbi ò ṣeé dín dáadáa, àpò ẹ̀yìn méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kora.

Agbẹjọ́rò_Sábó

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọ̀gá. Pílíìtì tí ẹ dárúkọ yẹn, ṣé kì í mú kí ikùn èèyàn yọ síwájú? Dúdú àti funfun ni ilé ẹjọ́ gbà lọ́wọ́ wa, nítorí náà àwọ̀ ò kàn mí, ìrán nìkan ni mo lè yí padà.

Aránṣọ_Tákíé

Ìdí ṣòkòtò tó fún ló ń yọ ikùn síwájú, kì í ṣe pílíìtì. Iṣẹ́ pílíìtì ni kó pa mọ́ nígbà tí ẹ bá dúró, kó ṣí nígbà tí ẹ bá jókòó. Bó bá ń yanu nígbà tí ẹ wà lórí ìdúró, ìdí ṣòkòtò ti fún nìyẹn. Àwọn télọ̀ kan á wá fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu pílíìtì pa kó má yanu mọ́, àṣìṣe ńlá ni, torí aṣọ á máa fà nígbà tí ẹ bá jókòó. Ìdí ni kí wọ́n tú síta, kó fi íńṣì 3 ju ìdí yín lọ.

Pílíìtì kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó fún èèyàn tí ò sanra. Ẹni tó ní ikùn, kó gba méjì, kí ti àkọ́kọ́ bọ́ sí ojú ilà àyọ́ọ̀nù gan-an, kó sì jìn ní íńṣì 1.

Agbẹjọ́rò_Sábó

Mo dúpẹ́. Ti aṣọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ẹni tó ń tà á ló ń pè é ní kaṣimíà.

Aránṣọ_Tákíé

Orúkọ lásán ni lórí ọ̀pọ̀ ìdì aṣọ, kì í ṣe irun ewúrẹ́ kankan. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní òwú méjì tàbí mẹ́ta láti etí aṣọ, ẹ dì í mú pẹ̀lú nǹkan, kí ẹ ṣáná sí i. Bó bá yọ́, tó ká jọ di kókó dúdú tó le, tí ìka ò lè fọ́, rọ́bà ni, ìyẹn polyester. Bó bá ń rùn bí irun tó jóná, tó sì kú fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé e kúrò lójú iná, irun àgùntàn ni. Bó bá ń rùn bí pépà tó jóná, tí eérú rẹ̀ rọ̀, òwú oko ni, ìyẹn cotton. Èyí tó ṣe méjì pọ̀, àdàlù ni, àdàlù ò sì burú. Polyester mọ́ viscose (òwú tí wọ́n ṣe láti ara igi) tó ní ìwọ̀n gíráàmù 240 sí 280 lórí mítà onígun mẹ́rin kan máa ń wálẹ̀ dáadáa, kì í sì rún jọ. Polyester pọ́ńbélé ni kí ẹ sá fún, torí ooru oṣù Kẹta níbí. Kì í mú òógùn, á lẹ̀ mọ́ yín létí itan.

Yáàdì 1½ tó fún ṣòkòtò kan bí aṣọ bá fẹ̀ ní íńṣì 60. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ká síta ní íńṣì 1½, èyí tó tún ti padà dé, ẹ ní kí wọ́n fi íńṣì 4 sílẹ̀ sísàlẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Télọ̀ tó bá gbàgbé ìyẹn ò ní ibi tó máa ti rí aṣọ mọ́. Bó bá jẹ́ òwú, bíi chinos, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lálẹ́ kan, kí ẹ sá a, kí ẹ lọ̀ ọ́, kó tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Òwú lè sún kì ní 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà ìfọ̀ àkọ́kọ́, íńṣì 40 á wá di 38½. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ẹsẹ̀.

Akọ̀wé_Òkèlérìn

Ẹ ṣeun gidigidi. Súùtù méjèèjì tí mo ní ńkọ́?

Aṣàtúnṣe_Akẹ̀sán

Ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ di bọ́tìnì kan. Bí aṣọ bá fa lẹ́tà X níbi bọ́tìnì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣeé tú síta bí íńṣì 1 sí 1½, bí inú bá ní àfikún. Bó bá kúrú tó fi jẹ́ pé ìdí yín hàn lẹ́yìn, kò sí àtúnṣe, torí àpò ò ṣeé sún. Bí ojú ìrán èjìká bá ré kọjá egungun èjìká tàbí tó wọlé sí i, ẹ fi sílẹ̀, ìyẹn nìkan ló gbówó lórí ju kí ẹ ra òmíì. Ọwọ́ kóòtù ṣeé dín tàbí fi kún ní bí íńṣì 1, kó lè yọ ṣẹ́ẹ̀tì síta ní ½.

Ẹ tún fi ìka méjì fún etí àyà rẹ̀, ibi tó yí padà yẹn, kí ẹ fi òkè lọ isàlẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé aṣọ kẹta ń rìn láàárín méjèèjì, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi so inú rẹ̀, aṣọ gidi ni, ẹ tọ́jú ẹ̀. Bó bá dúró bíi pépà kan ṣoṣo, gum stay ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ìyẹn aṣọ ẹlẹ́ẹ̀ tí àyọ́ọ̀nù ń lẹ̀ mọ́ inú aṣọ. Kò burú, àmọ́ ẹ má fọ̀ ọ́ nínú bàsíà láé, ẹ má sì jẹ́ kí àyọ́ọ̀nù gbígbóná pẹ́ lórí rẹ̀, torí lẹ́ẹ̀ yẹn á tú, ojú àyà á wá wú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí lára. Kò sí oògùn rẹ̀.

Dúdú yẹn, ẹ tọ́jú ẹ̀ fún òkú àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Nígbà tí owó bá yọ, kóòtù kan ṣoṣo ni kí ẹ rán, láìsí ṣòkòtò tirẹ̀: àwọ̀ búrẹ́dì sísun tàbí búlúù tó ṣókùnkùn, etí àyà rẹ̀ íńṣì 3½, èjìká láìní fóòmù, inú rẹ̀ láìní láínì àyàfi ọwọ́ àti èjìká. Giorgio Armani, aránṣọ ará Ítálì, ló fi irú kóòtù rírọ̀ yìí gbajúmọ̀ láti ọdún 1980 wá, ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ló sì yẹ jù. Táì yín náà, kó fẹ̀ ní íńṣì 3¼, kó sún mọ́ fífẹ̀ etí àyà. Táì tẹ́ẹ́rẹ́ lórí etí àyà fífẹ̀ kì í bára mu.

Òfì_Ọ̀yọ́

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ súùtù, ọjọ́ Ẹtì ńkọ́? Sẹ́nátọ̀ mẹ́ta yẹn ni iṣẹ́ tó rọrùn jù níbí. Ó gùn dé orúnkún. Ẹ gé e sí àárín itan. Kí wọ́n tó gé e, ẹ wo ibi tí àpò ẹ̀gbẹ́ parí sí àti ibi tí ìlà ẹ̀gbẹ́ ti ṣí. Bí wọ́n bá gé isàlẹ̀ láìtún ìlà yẹn là sókè ní íńṣì 4, ẹ̀yin á wulẹ̀ wà nínú àpò ni, ẹ ò ní lè gbé ẹsẹ̀ gùn àtẹ̀gùn. Aṣọ tí wọ́n gé kúrò, ẹ gbà á padà lọ́wọ́ télọ̀, ó tó fún àpò àyà tàbí ọrùn tuntun nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá gbó. Èyí tí ẹ bá máa rán tuntun, yáàdì 4 aṣọ oníbùú 60 tó, kí ṣòkòtò rẹ̀ náà ní ẹnu 16. Sẹ́nátọ̀ tuntun lórí ṣòkòtò ẹlẹ́nu 13 kò lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó yàtọ̀, ẹ fi òfì sí i. Ìlà òfì kan ṣoṣo, íńṣì 4 ní fífẹ̀, láti èjìká wálẹ̀ sí àpò, tàbí lára ọrùn nìkan. Ẹtù ló bá ọ́fíìsì mu jù, búlúù rẹ̀ jinlẹ̀. Sányán dára lórí funfun àti àwọ̀ ìyẹ̀pẹ̀. Àlàárì ń pariwo, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìnáwó. Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn ò jìnnà sí yín, ẹ lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó hun ún, kí ẹ ra ìlà méjì péré.

Ẹ kìlọ̀ fún télọ̀: òfì máa ń tú ní kété tí wọ́n bá gé e. Kó tó gé e, kó fi ẹ̀rọ rán ìlà méjì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí àlùmọ́gàjí máa gbà. Kó má lẹ gum stay tó nípọn sẹ́yìn rẹ̀, á le gbagidi. Ẹ má sì rẹ aṣọ náà sínú omi pẹ̀lú aṣọ funfun, aró lè jáde.

Bàtà_Awọ

Ẹnu bàtà ṣóńṣó yẹn, ṣòkòtò fífẹ̀ máa bò ó, a ó wá rí ṣóńṣó nìkan bí ẹnu ẹyẹ. Bàtà oníròbótó ni ẹ nílò: lófà aláwọ̀ obì, tàbí olókùn oníhò márùn-ún. Àwọ̀ obì ń bá búlúù, eérú àti ìyẹ̀pẹ̀ rìn, dúdú ò bá ìyẹ̀pẹ̀ rìn rárá. Àwọn oníṣẹ́ awọ ti pẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́, wọ́n sì lè rán an fún yín. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí wọ́n fà sórí pépà, nírọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ ti wú, torí ẹsẹ̀ òsì àti ọ̀tún kì í sábà dọ́gba.

Bí isàlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ awọ, ẹ ní kí wọ́n lẹ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí iwájú rẹ̀ kí òjò tó dé. Awọ tó mu omi á wú, okùn ìrán rẹ̀ á jẹrà. Bó bá tutù, ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ibòji. Oòrùn àti iwájú jẹnẹrétọ̀ máa ń jẹ́ kí ó sán. Bẹ́líìtì, kó bá àwọ̀ bàtà mu.

Aláfọṣọ_UnderG

Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ń sọ yìí, àyọ́ọ̀nù lè bà á jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣòkòtò tó ń dán níbi ìdí àti orúnkún, àyọ́ọ̀nù wà lára ohun tó ń fà á, ooru lè yọ́ ojú òwú polyester pẹrẹsẹ. Ẹ yí inú síta kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ojú ìlà àárín nìkan ni kí ẹ lọ̀ láti ìta, pẹ̀lú aṣọ òwú tútù láàárín.

Ẹ má fi sítáàṣì kan irun àgùntàn tàbí àdàlù. Aṣọ àtíkù tí wọ́n fi ń rán aṣọ ìbílẹ̀ ló fẹ́ ẹ, díẹ̀ sì ni. Bó bá pọ̀, ibi tí ẹ ti ká a ni á kọ́kọ́ fọ́.

Abíyá ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ti pọ́n: ẹ má da Hypo, ìyẹn bílíìṣì, sí i, á túbọ̀ pọ́n ni, torí òógùn àti ohun tí ẹ ń fi pa á ti wọ ara wọn. Ẹ po béékìn sódà pẹ̀lú omi díẹ̀ kó ki, ẹ fi pa á, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Síngílẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ náà, kó má jẹ́ funfun, funfun ló ń hàn lábẹ́ funfun. Èyí tó sún mọ́ àwọ̀ ara yín ni kò ní hàn.

Akọ̀wé_Òkèlérìn

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Bí mo bá fẹ́ ṣe é díẹ̀díẹ̀, èwo ni oṣù yìí?

Aránṣọ_Tákíé

Oṣù yìí: ṣòkòtò méjì, eérú kan, ìyẹ̀pẹ̀ kan, kí ẹ sì gé sẹ́nátọ̀ kan wò ká tó fọwọ́ kan méjì yòókù. Oṣù tó ń bọ̀: bàtà. Lẹ́yìn ìyẹn ṣẹ́ẹ̀tì búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kan àti pólò híhun kan tó ní kọ́là, ó ń gba ipò ṣẹ́ẹ̀tì lábẹ́ kóòtù báyìí. Kóòtù ló gbẹ̀yìn.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn àgbà ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó péye ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wá wọn, ẹ wọ bàtà tí ẹ máa fi wọ̀ ọ́, kí ẹ kó fóònù àti kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú àpò, kí ẹ má sì fa ikùn mọ́ inú. Bí télọ̀ bá ti ní òun mọ ìwọ̀n yín láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ sọ fún un pé kó tún un wọ̀n.